Ìwé ìgbà ìwọ́wé ọdún yìí: ẹyọ kan ni mo rà, ìyókù mo tò fún un ní láíbìrì

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Oṣù October ọdún tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ìwé ńlá kan láàárín ìlú London, mo ní kí n kàn wo nǹkan ni o, kí n tó jáde mo ti ra ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́rin, owó tó lọ lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 90, mo gbé e wálé tayọ̀tayọ̀ bí ẹni ra aṣọ ọdún. Ṣé ẹ mọ iye tí mo kà níbẹ̀? Ọ̀kan àtààbọ̀. Méjì tí mi ò ṣí rárá wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà mi títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, àwọn ni mo fi gbé e sókè kí àwọn ará ilé má baà máa wo ihò imú mi tá a bá ń ṣe fídíò kọ́ọ̀lù.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣòfin fún ara mi lọ́dún 2025 yìí. Ẹyọ ìwé kan péré ni mo máa fowó ara mi rà nígbà ìwọ́wé, ìyókù, láíbìrì kánsù, kí n forúkọ sílẹ̀ kí n tò sórí láìnì bí àwọn èèyàn tó kù. Àárín October la wà yìí, òfin náà ò tíì fọ́ (ó ti ya díẹ̀ ṣá, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀), mo wá ní kí n sọ bó ṣe ń lọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa nílùú ọba níbí, tìtorí àwọn ọmọ la ṣe gba káàdì láíbìrì, àwa fúnra wa ò lò ó rí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ìgbà ìwọ́wé ni láti September sí November, igi á máa wọ́wé, òtútù á máa yọjú díẹ̀díẹ̀, tó bá sì fi máa di òpin oṣù yìí tí wọ́n bá yí aago padà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Kò síbi téèyàn fẹ́ lọ. Àwọn tó ń tẹ̀wé kì í sì í ṣe ọ̀dẹ̀, wọ́n mọ̀ pé Kérésì ló kàn, wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò mọ nǹkan tó máa rà fún bàbá ọkọ ẹ̀ á ra ìwé, ni wọ́n bá kó gbogbo ìwé ńláńlá jọ sí àkókò yìí. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé máa ń jáde níbí (ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun), Ọjọ́bọ̀ kan sì wà nínú October tó jẹ́ pé ìwé tó ń jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn pọ̀ débi tí wọ́n fún un lórúkọ tiẹ̀, Super Thursday.

Ẹ̀bùn Booker, tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n bá gbà pé ó dáa jù lọ́dún, náà tún dá kún un. Pọ́n-ùn 50,000 ni, ìwé tó bá sì máa du ti ọdún yìí gbọ́dọ̀ ti jáde nílẹ̀ yìí láàárín 1 October ọdún tó kọjá sí 30 September ọdún yìí. Ẹ ti rí i. Ẹni tó bá rò pé ìwé òun lè gbà á tí kò sì tíì ṣe tán, ìparí September ló máa já wọlé, bí ọmọ iléèwé tó ń sáré kí wọ́n tó ti géètì. Inú mi dùn sí ti ọdún yìí ju tàtẹ̀yìnwá lọ torí òǹkọ̀wé wa Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, tó dàgbà sí Ilé-Ifẹ̀, wà lára àwọn márùn-ún tó ń ṣèdájọ́, Roddy Doyle, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland, ni alága wọn, òṣèré fíìmù Sarah Jessica Parker náà wà níbẹ̀. Ìwé 153 ni wọ́n kà. Èmi rèé, ọ̀kan àtààbọ̀. 10 November la máa gbọ́ ẹni tó gbà á.

Ó yá, ẹyọ kan tí mo rà. Cursed Daughters ni, Oyinkan Braithwaite ló kọ ọ́. Ó jáde níbí ní 25 September, mo sì ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀ láti August torí mi ò fẹ́ gbọ́ ìtàn. Ẹ ó rántí èyí tó kọ ní 2018, My Sister, the Serial Killer, tí ẹ̀gbọ́n ń bá àbúrò ẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń pa, ọjọ́ méjì ni mo fi kà á tán nígbà yẹn, ó sì wà lára àwọn ìwé tí Booker kọ́kọ́ ṣà jọ ní 2019. Tuntun yìí kò tó pọ́n-ùn 20. Ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti rà á (mi ò ní dárúkọ wọn) ní ọjọ́ tó bá jáde gan-an ló máa dé ọwọ́ mi, ọjọ́ kẹrin ló dé, wọ́n sì já a sínú òjò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, igun ẹ̀ kan ti wú bí fùfú. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n dá a padà kí wọ́n fún mi ní òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Mo gbé e sórí híítà, ó gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìdílé kan ní Èkó ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, àwọn Falodun, ọkọ kì í dúró ti obìnrin ilé wọn. Ìyálé kan ló ti ṣépè fún ìyá ńlá wọn láyé àtijọ́ nígbà tí ìyẹn wá bá a pín ọkọ, èpè ọ̀hún ò bá ẹni tó jẹ̀bi kú, ó ń bá ọmọ dé ọmọ-ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn, Monife, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gbé e dé inú omi, ó kú síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín gan-an ni Ebun, ìbátan ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, bí ọmọbìnrin. Ọmọ yẹn ni Eniiyi, ó sì jọ òkú tó jẹ́ pé bí ẹni pọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni. Gbogbo ilé ní Monife ló padà wá. Ó dàgbà, òun náà wá pàdé ọkùnrin létí omi. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi fúnra mi ò tíì kà á tán, mo ti kọjá ìdajì díẹ̀. Ìdí tó fi ń pẹ́ ni pé èmi nìkan kọ́ ló ń kà á. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo máa ń bọ́ sílẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, bọ́ọ̀sì méjì ni mo máa wọ̀ dé ilé. Mọ́mì mi ní Òṣogbo á ti jí, á ti gbàdúrà, á ti mu ẹ̀kọ gbígbóná (aago wa àti tiwọn ò tíì yàtọ̀ títí wọ́n á fi yí ti ibí padà), wọ́n á pè mí, wọ́n á ní kí ni mò ń ṣe, mo ní mò ń kàwé. Wọ́n ní ìwé kí ni. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tó yá, sísọ ò tó mọ́, mò ń ṣí ìwé sórí itan, mò ń ka ìpínrọ̀ kan lójú, mò ń dà á sí Yorùbá lẹ́nu. Wákàtí kan gbáko nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn òyìnbó tó jókòó tì mí á rò pé mò ń jà.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwé yìí, tí mi ò sì rò pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa lè rí i bó ti wù kó kà á tó. Ẹ wo orúkọ wọn. Ẹni tí ìfẹ́ gbé lọ ni wọ́n sọ ní Mo-ní-ìfẹ́. Ẹni tó bímọ lọ́jọ́ òkú, tí kò sẹ́ni tó ráyè bá a jó, ń jẹ́ Ẹ̀bùn. Ọmọ tí gbogbo ilé ń wojú ẹ̀ tí wọ́n ń rí ẹlòmíì, tí kò ní ojú tara ẹ̀, òun ni wọ́n pè ní Ẹni-iyì. Falodun ńkọ́? Ifá ló dùn ni àbí Ifá ló lọdún? Ìwé ò fi àmì kankan sí i, Mọ́mì sì fẹ́ mọ̀, mo ní mi ò lè sọ. Wọ́n ní, "Èyí ó wù kó jẹ́, Ifá wà níbẹ̀. Ilé tí Ifá wà lórúkọ wọn, tí èpè ń pa wọ́n lọ báyìí, ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dá níbẹ̀ mọ́ ni?" Mo ní ẹ jẹ́ n kà síwájú ná, mà. "Àbí ẹ̀sìn ló gbà á lọ́wọ́ wọn?" Mo ní ẹ jẹ́ n kà síwájú.

Lórí ọ̀rọ̀ pé òkú padà wá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kúrò lójú kan. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìwé yìí níbí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní náà ni reincarnation, ó parí. Mo sọ fún Mọ́mì pé wọ́n ní ọmọ náà ni Monife tó padà wá, wọ́n ní ọmọ ọdún mélòó ni Monife yẹn, mo ní ọmọge ni. Wọ́n ní, "Ọmọge tó kú sómi? Ìyẹn kì í ṣe Yétúndé o. Yétúndé ni ìyá àgbà tó rí ọmọ rí ọmọ-ọmọ, tó kú sórí ẹní ẹ̀, tá a fi ìlù sin, òun la máa ń gbàdúrà kó yà lọ́dọ̀ wa. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, òfò ni. Òfò, a kì í ní kó tún ara ẹ̀ ṣe." Mo dákẹ́. Bọ́ọ̀sì ti kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí pé ibi tí ẹ̀rù ìwé náà wà gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ àárín Yétúndé àti òfò á rò pé ilé yẹn ń yọ̀ tàbí pé wọ́n kàn gba nǹkankínǹkan gbọ́. Wọn ò yọ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ń wo omi. Téèyàn bá fi etí Yorùbá kà á, inú ẹ̀ á máa ru láti ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pé Oyinkan mọ ohun tó ń ṣe, kò ṣàlàyé jù fún òyìnbó, ó kàn gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlébù ẹ̀ fún mi: ó ń fò láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan sí èkejì, láti ọdún kan sí òmíràn, ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lórí fóònù á sọnù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mọ́mì ti bi mí pé "ṣé èyí tó ti kú ló ń sọ̀rọ̀ yìí?" Mo tún rò pé èpè ọ̀hún tóbi ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ sọnù, wọ́n gbé Ṣàngó jáde, àmọ́ bóyá òun náà ló fẹ́ ká rò. Ìràwọ̀ mẹ́rin àtààbọ̀ títí mo fi máa dé ìparí. Tẹ́ ẹ bá máa ra ẹyọ kan bíi tèmi, òun ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí láíbìrì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ ní káàdì, ẹ ní nọ́ńbà àṣírí, ẹ wọ orí wẹ́bùsáìtì wọn, ẹ wá ìwé, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀. Wọ́n á sọ ipò tẹ́ ẹ wà lórí láìnì. Ìwé tí kò tíì jáde pàápàá, tí wọ́n bá ti kọ̀wé rà á, orúkọ ẹ̀ á ti wà níbẹ̀, ẹ lè tò sílẹ̀ kó tó jáde, àṣírí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyẹn. Tó bá kàn yín, wọ́n á fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ ní ọjọ́ mélòó kan láti wá gbé e, ẹ ó kà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fún èmi, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó fẹ́ràn láti máa fetí gbọ́ ìwé, áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Libby wà lórí fóònù, káàdì kan náà ló ń ṣí i ní ọ̀pọ̀ kánsù, mo máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ń ṣa aṣọ.

Ẹni kan níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi pé ìwà ahun ni, pé àwọn òǹkọ̀wé ò ní jẹun tá a bá ń yá ìwé wọn. Irọ́ ni. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Public Lending Right, ìjọba ń san pẹ́ńsì díẹ̀ fún òǹkọ̀wé tó bá forúkọ sílẹ̀ nígbàkígbà tẹ́nì kan bá yá ìwé ẹ̀, wọ́n fi gègé sí i ní pọ́n-ùn 6,600 lọ́dún fún ẹnì kan kí àwọn gbajúgbajà má baà gbá gbogbo ẹ̀ lọ. Ìwé mẹ́rin tí mo rà lọ́dún tó kọjá tí mi ò kà ju ọ̀kan àtààbọ̀ lọ nínú ẹ̀, òǹkọ̀wé jẹun níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ló jẹ́ fún èmi?

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ìwé mi ti dé, mo jáde lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, mi ò sùn, mo gba inú òjò lọ, mo bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn pé àwọn ti yí wákàtí padà torí òṣìṣẹ́ ò tó. Orí wẹ́bùsáìtì, wọ́n ṣì kọ ọ́ pé wọ́n ṣí. Àwa bíi mẹ́fà la dúró níbẹ̀ tá à ń wo ara wa. Èyí tó dùn mí ju ìyẹn lọ ni ṣẹ́ẹ̀fù Yorùbá. Àdúgbò wa, tẹ́ ẹ bá pariwo "Ìyá Ṣadé" lójú títì èèyàn mẹ́rin á wẹ̀yìn, ẹ wá lọ wo ṣẹ́ẹ̀fù tiwa ní láíbìrì, ìwé méje, mo kà á, márùn-ún jẹ́ ti ọmọdé, ọ̀kan nínú wọn sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka ení, èjì. Ti Polish, èdè àwọn ará Poland, kún dé òkè. Mo bi ọmọbìnrin tó wà lórí tábìlì, ó ní ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé kí wọ́n rà á, fọ́ọ̀mù wà, pé àwọn Polish ń kún un. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ojú tì mí, mo kún márùn-ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin fún láíbìrì, ọ̀kan tí mo yọ, ti ilẹ̀kùn yẹn ni, ti ṣẹ́ẹ̀fù, ọwọ́ wa ló kù sí.

Àwọn ìwé tí mo wá tò fún, tí mò ń retí.

Èyí tó ti dé ọwọ́ mi (òun ni mo tìtorí ẹ̀ jẹ òjò) ni Mother Mary Comes to Me, ti Arundhati Roy, òǹkọ̀wé ọmọ India, ó jáde ní September. Ìtàn ìyá ẹ̀ ni, Mary Roy, tó kú ní 2022. Obìnrin yẹn dá iléèwé sílẹ̀ ní Kottayam ní ìpínlẹ̀ Kerala, ó tún gbé òfin ogún lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní India. Láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì tiwọn níbẹ̀, tí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ohun tó tọ́ sí ọmọbìnrin ni ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ọmọkùnrin gbà, tàbí rúpì 5,000, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Ẹ gbọ́ o, èyí tó bá KÉRÉ jù. Ó ja ẹjọ́ náà, ó borí ní 1986. Akọni ni. Àmọ́ nílé, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ń bó àwọn ọmọ ẹ̀ lára, débi pé Arundhati fi ilé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 18, ó ní kì í ṣe pé òun ò fẹ́ràn ìyá òun, òun lọ kí òun lè máa fẹ́ràn ẹ̀ lọ ni.

Mo ka gbólóhùn yẹn, mo pa ìwé dé. Àwa tá a ti ń kọrin ìyá ni wúrà láti jẹ́lé-ó-sinmi, a ò ní ibi tá a ti máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó o bá ní ìyá ẹ le jù wọ́n á ní ìwọ lo ò gbọ́ràn. Mi ò ka èyí fún Mọ́mì nínú bọ́ọ̀sì o. Mi ò ya wèrè.

Èkejì ni ti Kiran Desai, The Loneliness of Sonia and Sunny. Obìnrin yìí gba Booker ní 2006, kò sì gbé ìwé ìtàn mìíràn jáde mọ́ láti ìgbà yẹn títí di September yìí. Bí ogún ọdún! Ó lé ní ojú ewé 600, ó ti wà nínú àwọn mẹ́fà tó kù fún Booker kó tó dé ṣọ́ọ̀bù rárá. Ọ̀dọ́ méjì ọmọ India tí wọ́n ń gbé Amẹ́ríkà, tí àwọn àgbà ilé wọn fẹ́ so wọ́n pọ̀ láìbi wọ́n. Ta ni nínú wa tí wọn ò ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí rí, "ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Manchester, ó ń ṣe dókítà, ṣáà kí i"? Èmi ti kí mẹ́ta. Mo wà ní ipò 41 lórí láìnì nígbà tí mo tò, ìwé mẹ́jọ ni wọ́n ní, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ojú ewé 600, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kérésì ti kọjá nìyẹn.

4 November ni ti Salman Rushdie ń bọ̀, The Eleventh Hour, ìtàn márùn-ún nínú ìwé kan. Ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tó kọ látìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún un lórí pèpéle ní ìpínlẹ̀ New York ní August 2022 nìyí, ojú ẹ̀ kan lọ sí i. Ẹni tí wọ́n gún bẹ́ẹ̀, tó ti lé ní 75, tó tún jókòó tó ń kọ ìtàn. Mo wà ní ipò 6, torí mo tètè tò.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ti Philip Pullman nìkan ló ń bá mi fà, The Rose Field, 23 October. Òun ló máa parí ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lyra tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ọgbọ̀n ọdún. Inú ìwé yẹn, èèyàn kọ̀ọ̀kan ní ẹranko kan tó ń bá a rìn, tó jẹ́ ara ẹ̀ tó wà níta, ọmọ náà ti ń ṣàlàyé ẹ̀ fún mi láti ìgbà tó wà ní ọdún mẹ́sàn-án, mo máa ń sọ fún un pé ẹnìkejì ẹni nìyẹn, tiwa ni ò fìrù jáde. Ó ní mi ò kàn fẹ́ gbà pé òyìnbó ronú kan nǹkan ni. Ibí ni òfin mi ti ya o: mo ra èyí fún un. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ ló bọ́ sí i. Mi ò kà á mọ́ tèmi.

Ìwé tuntun Dan Brown ti jáde láti 9 September, ìlú Prague ló gbé ìtàn ẹ̀ lọ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á máa sáré, mi ò tò fún un, ẹ máa rí i lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan fún àánú nígbà tó bá di March. Ìwé tuntun Richard Osman, tèmi kọ́, mo tò fún un nítorí ìyá arúgbó kan níbi iṣẹ́ wa, ẹni ọdún 91. Àwọn arúgbó tó ń gbé ibì kan náà tí wọ́n ń tú àṣírí ìpànìyàn ni ìtàn náà, èyí ni ìkarùn-ún, màmá yẹn sì gbà pé àwọn gan-an ló ń kọ nípa wọn. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí. Lẹ́tà gbàǹgbà ló lè kà, láíbìrì ní in, ipò 3 la wà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún fún László Krasznahorkai, òǹkọ̀wé ọmọ Hungary, ní ẹ̀bùn Nobel ti ìwé kíkọ. Mo lọ wo ìwé ẹ̀ kan lórí Libby, gbólóhùn kan á gba ojú ewé mélòó kan kí ó tó rí àmì ìdánudúró, bí ohùn tí Mọ́mì mi máa ń gbà sórí WhatsApp gẹ́lẹ́. Mo fi sílẹ̀ fún ìgbà míì. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Oyin Olugbile gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ ti NLNG, iléeṣẹ́ gáàsì, nílé, $100,000, pẹ̀lú Sanya, ó gbé ìtàn Ṣàngó, ó sọ Ṣàngó di obìnrin. Èyí ò sí ní láíbìrì wa, mo ti kún fọ́ọ̀mù, mo sì ti sọ fún àbúrò mi tó ń bọ̀ ní December pé kó bá mi rà á, ó ní ṣé kí òun yọ èlùbọ́ kúrò nínú ẹrù ni. Mo ní kó má yọ èlùbọ́.

Láàárọ̀ òní, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kìíní, mo ń dúró de èkejì, fóònù dún. Mọ́mì ò kí mi dáadáa. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún Ìyá Ìjẹ̀ṣà àti ìyá tó ń ta èlùbọ́ níwájú ilé, àwọn méjèèjì ti jókòó, kí n gbóhùn sókè, ọkùnrin tí Eniiyi yọ nínú omi yẹn, ọmọ ta ni?